Ewé Oníwúrà láti Inú Ìwé Àdúrà Ayé Àtijọ́

Bí ènìyàn bá wọ ilé àwọn àgbà ìjọ ní Agége, ní Ìfàkò tàbí ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì gbé Bíbélì ìdílé tàbí Ìwé Àdúrà àtijọ́ kalẹ̀, kì í ṣe orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Ewé òfìfo tí ó wà níwájú ìwé ni wọ́n ń ṣí, nítorí ibẹ̀ ni bàbá àgbà kọ ọjọ́ tí a bí àwọn ọmọ sí, ọjọ́ tí a sàmì fún wọn, àti ọjọ́ tí ìyá wọn sùn nínú Olúwa. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí àti lórí ogún ni irú ewé bẹ́ẹ̀ ti parí kí ó tó dé kóòtù. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ìwé ìdílé ni òun náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a sì ti fà ya kí ayé tó mọ ohun tí ó jẹ́.

Nínú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ìkàwé ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àti lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ìwé àtijọ́, a máa ń rí ewé kan ṣoṣo tí a fi awọ ẹran ṣe. Nígbà mìíràn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èdè Látìnì ni a fi kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ ń dán fún wúrà, òdòdó àti ẹyẹ sì yí etí rẹ̀ ká. Wọ́n a fi gíláàsì bò ó, wọ́n a gbé e kọ́ ògiri. Ẹni tí ń wò ó yóò ní ó dára, yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí ó yẹ kí Kristẹni béèrè níwájú irú ewé bẹ́ẹ̀: ta ni ó ń fi í gbàdúrà, níbo sì ni ìyókù ìwé náà wà?

Ìwé Wákàtí

Púpọ̀ nínú àwọn ewé wọ̀nyí wá láti inú irú ìwé tí a ń pè ní Ìwé Wákàtí. Láàrin nǹkan bí 1240 sí 1550, òun ni ìwé tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe àlùfáà ní apá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú ilé ìsìn ti ní ìlànà tiwọn láti ìgbà pípẹ́ kí ó tó di ìgbà náà: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń péjọ láti kọ Sáàmù àti láti gbàdúrà, láti ọ̀gànjọ́ òru títí di àkókò ibùsùn. Àwọn ọmọ ìjọ ń gbọ́ agogo wọn, wọ́n sì fẹ́ ní ìpín níbẹ̀. Oníṣòwò, ìyàwó ilé, ìjòyè àti ọmọ ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kékeré tí wọn yóò fi máa tẹ̀lé wákàtí àdúrà nínú ilé wọn. Ní ìlú Oxford, ní nǹkan bí 1240, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ William de Brailes ṣe ọ̀kan, òun ni ó sì pẹ́ jù nínú irú rẹ̀ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣẹ́kù. British Library ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà. Obìnrin ni ẹni tí a ṣe é fún, a sì ya àwòrán rẹ̀ sínú àwọn lẹ́tà ńlá níbi tí ó ti ń gbàdúrà.

Kàlẹ́ńdà ọdún ìjọ ni ó máa ń ṣáájú nínú ìwé náà. Tàdáwà pupa ni a fi ń kọ ọjọ́ àjọ̀dún ńlá, dúdú sì ni ti ìyókù. Ẹ wo alumanáákì tí ó kọ́ sára ògiri fẹ́sírì yín, irú èyí tí àwọn ilé ìtẹ̀wé wa ń tẹ̀ ní ìparí ọdọọdún: pupa ni Ọjọ́ Ìsinmi àti Ọjọ́ Ajíǹde níbẹ̀ títí di òní, láti ọwọ́ àwọn akọ̀wé wọ̀nyẹn ni a sì ti jogún rẹ̀. Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni àyọkà láti inú ìwé Ìyìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń wà, lẹ́yìn náà àdúrà wákàtí mẹ́jọ náà, Sáàmù méje ti ìrònúpìwàdà (ìkẹfà, 32, 38, 51, 102, 130 àti 143), Lítánì, ìsìn fún àwọn tí ó ti kú, àti àdúrà sí àwọn ẹni mímọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìjọ tiwa gbà. Bí àwa Pùròtẹ́sítáǹtì bá dé ibi tí a ti ń ké pe Màríà Wúńdíá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a ó dúró díẹ̀. Ẹ má ṣe torí èyí pa ìwé náà dé, nítorí ìbátan tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ìsìn wa sún mọ́ra ju bí a ti rò lọ.

Ní 1549, nígbà tí Archbishop Thomas Cranmer gbé Ìwé Àdúrà àkọ́kọ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìsìn mẹ́jọ ti tọ̀sán-tòru wọ̀nyẹn ni ó kó jọ tí ó sọ di méjì: ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́. Te Deum tí a ń kọ ní òwúrọ̀, inú ìsìn òru ni ó ti mú un. Orin Sakaráyà, inú ìsìn ìdájí. Orin Màríà wá láti inú ìsìn ìrọ̀lẹ́, Orin Síméónì sì wá láti inú ìsìn àsùnwọrà, èyí tí ó gbẹ̀yìn kí a tó sùn. Ìdí nìyẹn tí orin méjèèjì yìí fi wà pọ̀ nínú Àdúrà Alẹ́ kan ṣoṣo lónìí. Ọ̀pọ̀ akọrin ti kọ wọ́n fún 30 ọdún láì mọ̀ pé ìsìn méjì ni wọ́n so pọ̀. Samuel Ajayi Crowther ni ó túmọ̀ Ìwé Àdúrà sí èdè Yorùbá. Nígbà tí àwọn ará African Church sì jáde ní 1901, tí J. K. Coker, àgbẹ̀ kòkó ńlá ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége, di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn, àṣẹ òyìnbó ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ Ìwé Àdúrà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ Orin Màríà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Kàtídírà Archbishop Vining ní Ìkẹjà, tàbí nínú ìjọ àwọn ará Ìfàkò, orin tí obìnrin ará Oxford nì ń kà ní irú wákàtí kan náà ni ó ń kọ.

Awọ, tàdáwà àti wúrà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní àdúgbò Oko-Ọba ní Agége, níbi tí a ti ń pa màlúù fún ọjà Èkó, ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí awọ. A ó fi iná jó irun rẹ̀ kúrò, a ó sè é, ó di pọ̀nmọ́. Ní Paris àti ní Bruges ayé ìgbà náà, awọ ọmọ màlúù, ti àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Wọ́n a rẹ ẹ́ sínú omi ẹfun líle fún ọjọ́ púpọ̀ títí irun yóò fi tú. Wọ́n a nà án sórí férémù igi títí yóò fi le bí awọ ìlù, bí ó bá sì ti ń gbẹ lọ́wọ́, ọkùnrin kan yóò máa fi ọ̀bẹ tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun họ ọ́, yóò tún máa fa okùn rẹ̀ le sí i. Ìgbà tí ó bá gbẹ tán, ó funfun, ó tẹ́jú, ó sì lè pẹ́ ju pépà lọ fíìfíì. Irú ìwé awọ yìí ni Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì bá òun mú bọ̀ nínú èpístélì kejì.

Bí ẹ bá ní àǹfààní láti rí ewé bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ wo ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí irun ti hù rí a máa ṣú díẹ̀, a sì tún máa ń rí ojú ihò irun bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Nígbà mìíràn ihò roboto kan a wà láàrin ewé, tí akọ̀wé sì fi ọ̀rọ̀ yí i ká wẹ́rẹ́. Eṣinṣin ni ó ti bu ẹran náà jẹ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí a na awọ, ojú egbò náà là. Ẹran kò pọ̀ fún ìwé kékeré, ṣùgbọ́n ìwé ńlá a máa jẹ agbo. Codex Amiatinus, odindi Bíbélì kan tí a kọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di 716, a ṣírò pé awọ ọmọ màlúù tí ó tó 500 ni ó lọ sí i.

Tàdáwà dúdú wọn, kókó tí kòkòrò máa ń mú hù sára igi óàkù ni wọ́n ń gún, wọ́n a pò ó mọ́ iyọ̀ irin, wọ́n a sì fi oje igi ẹlẹ́gùn-ún tí ó jẹ́ ìbátan bọn-ọ́n-ní sí i kí ó lè lẹ̀. Ìyẹ́ apá ẹyẹ gúùsì ni kálàmù wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọmọ kéwú pẹ̀lú wàláà wọn ní Agége, nítorí tàdáwà àti kálàmù ti wà ní ilẹ̀ wa kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé. Ti àwọ̀ ni ó náni lówó. Àwọ̀ aró tí ó mọ́ jù lọ, òkúta kan tí a ń wà ní Badakhshan ní ilẹ̀ Afghanistan ni a ń lọ̀ láti rí i, ó sì ń gba orí ilẹ̀ àti orí òkun kí ó tó dé Venice. Ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pa á mọ́ fún aṣọ ìya Olúwa wa. Bí ẹ bá rí Màríà nínú aṣọ aró nínú àwòrán wọ̀nyí, iye owó pẹ̀lú wà lára ìdí rẹ̀.

Wúrà ni a kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ewé kí ọ̀dà kankan tó kàn án. Alágbẹ̀dẹ wúrà yóò lu owó wúrà títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju ojú awẹ́ àlùbọ́sà lọ. Cennino Cennini, ayàwòrán ará Ítálì tí ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ ọnà ní nǹkan bí 1400, gba àwọn oníṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n má ṣe lu owó dukat kan ju ewé 100 lọ, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ ń gba 145 lára rẹ̀, wúrà náà sì ń fẹ́lẹ́ jù. (Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àwọn oníṣòwò ń fi omi lù fún wa lónìí kò ní ya ẹnu.) Ayàwòrán yóò ti fi ẹfun àti àtè ṣe òkìtì kékeré sí ibi tí wúrà yóò jókòó. Yóò mí èémí gbígbóná lé e kí ó rọ̀, yóò gbé wúrà lé e, yóò sì fi eyín ajá tàbí òkúta dídán máa ra á títí yóò fi kọ mọ̀nà. Nítorí òkìtì yẹn, wúrà náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí àbẹ́là kan ṣoṣo ń jó, bí òǹkàwé bá ti ń yí ewé, ìmọ́lẹ̀ a máa rìn lójú ìwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìwé tí a tan ìmọ́lẹ̀ sí. Iná àkọ́ọ̀lé ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí kì í mì, kò lè fi èyí hàn wá.

Ṣé a bi ara wa pé níbo ni wúrà ọ̀hún ti wá? Láti 1252 tí ìlú Genoa àti Florence bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà, Yúróòpù nílò wúrà ju èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ lè mú jáde lọ. Púpọ̀ rẹ̀ wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Bambuk àti Bure ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ àkóso ilẹ̀ ọba Mali. Ràkúnmí ni ó ń gbé e la Sàhárà kọjá dé èbúté àwọn ará Àríwá Áfíríkà, níbi tí àwọn oníṣòwò Ítálì àti Catalonia ti ń rà á. Ní 1324 ni Mansa Musa, ọba Mali, gba Cairo kọjá lọ sí Mẹ́kà pẹ̀lú wúrà tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye wúrà fi já wálẹ̀ ní ìlú náà. Àwòrán ayé tí àwọn ará Majorca yà ní 1375, tí ó wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Paris, fi ọba náà hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú odidi wúrà kan lọ́wọ́ rẹ̀, wúrà gidi ni wọ́n sì fi kun un. Wúrà a máa yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ìkòkò alágbẹ̀dẹ, nítorí náà a kì í ka ti ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wúrà tí ó ń dán lójú àwọn ìwé àdúrà Paris àti Florence, ti àwọn awakùsà Áfíríkà wà níbẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa gbọ́ èyí nígbà tí a bá ń sọ fún wọn pé àwọn òyìnbó ni ó mú ohun gbogbo wá bá wa nínú ìsìn.

Ipa ọwọ́ àwọn tí ó lò ó

Àwọn ìwé tí òkìkí wọn kàn jù lọ ni àwọn tí ó ṣe é ṣe kí a má fi ọwọ́ kàn rárá. Irú rẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta, Paul, Herman àti Johan Limbourg, ń ṣe fún Duke Jean ti Berry nígbà tí àwọn àti ọ̀gá wọn kú láàrin ọdún kan náà, 1416, tí iṣẹ́ kò sì parí. Ó wà ní Chantilly ní ilẹ̀ Faransé. Ó lẹ́wà, kò sí iyèméjì. Èmi a máa fẹ́ràn àwọn tí ó dọ̀tí ju ti Duke lọ.

Ní 2010, ọ̀mọ̀wé Kathryn Rudy tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú àwọn tí ó dọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ó lo ẹ̀rọ kan láti wọn bí ipa ìka ṣe ṣú tó ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ibẹ̀ mọ àdúrà tí olówó ìwé ń gbà léraléra àti èyí tí kò yà sí rárá. Àdúrà sí Sebastian mímọ́, tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó ń gbani lọ́wọ́ àjàkálẹ̀ àrùn, dúdú mìnìjọ̀ nínú ìwé kan. Ìsìn òru sì máa ń mọ́ sí i bí ó ti ń lọ sópin, nítorí pé òǹkàwé ti sùn lọ. Ẹ gbé Bíbélì ìyá yín àgbà wá, kí ẹ dì í mú, kí ẹ wo etí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Láàrin gbogbo etí ìwé náà, ibì kan wà tí ó ṣú ju ibi tókù lọ. Ẹ ṣí i: Sáàmù ni. Bóyá ìkarùn-dín-lógójì, bóyá ìkọkàn-lé-láàádọ́rùn-ún. Ẹ ó mọ ohun tí ó ń bá a fínra nígbà náà láì jẹ́ pé ó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìdílé Yúróòpù pẹ̀lú kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sínú kàlẹ́ńdà àti ewé òfìfo Ìwé Wákàtí, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ṣe. Ìjà ìjọba náà sì kọ ara rẹ̀ sí i. Ní 1538, Ọba Henry Kẹjọ pàṣẹ pé kí a pa orúkọ Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí a pa ní Canterbury ní 1170, rẹ́ kúrò nínú gbogbo ìwé ìsìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà, 29 Oṣù Kejìlá ni a fi ọ̀bẹ họ títí awọ fi fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n fa ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo la orúkọ náà kọjá, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kà á lè kà á. A rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, a sì rí ẹni tí kò fẹ́ gbàgbé.

Àwọn tí ó gé e

Nígbà tí a tú àwọn ilé ìsìn ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Bale, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì gidi, kígbe ní 1549 pé wọ́n ń fi ewé ìwé àtijọ́ nu bàtà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti ọlọ́ṣẹ. Ti àìmọ̀kan ni ìyẹn. Èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wò. Ìwé Wákàtí tí Jean Fouquet ṣe fún Étienne Chevalier, akápò ọba Faransé, ní nǹkan bí 1452 sí 1460, oníṣòwò ni ó gé e ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti ta àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé 47 ni a mọ̀ ní ayé lónìí. 40 nínú wọn wà ní Chantilly. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àdúrà rẹ̀ kò sí mọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ra ọ̀rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Otto Ege (1888 sí 1951), olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Cleveland, gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, ó sì kó ewé wọn jọ sínú àpótí 40, ewé 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1938 ó kọ àpilẹ̀kọ tí ó fi pe ara rẹ̀ ní abàwéjẹ́, láì tijú. Àlàyé rẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí kò lè ra odindi ìwé yóò lè ní ewé kan, àwọn ọmọ tálákà yóò sì rí ohun tí àwọn olówó nìkan ń rí. N kò fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀sín, nítorí pé ó ṣẹ: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ láéláé bí kò bá ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó ewé lọ́kọ̀ọ̀kan a máa ju owó odindi ìwé lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò kan kò fi dá ọ̀bẹ dúró títí di òní.

Ìwé ìsìn Máàsì ti Beauvais, tí a ṣe ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ni ó dùn mí jù nínú gbogbo wọn. Robert de Hangest, ọ̀kan nínú àwọn kánọ́ọ̀nù kàtídírà Beauvais ní ilẹ̀ Faransé, ni ó fi ta kàtídírà náà lọ́rẹ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, kí wọ́n lè máa rántí òun nínú àdúrà ní ọdọọdún. Ewé rẹ̀ jẹ́ 309. Ó kọjá sí ọwọ́ William Randolph Hearst, oníwèé-ìròyìn ará Amẹ́ríkà, ó tà á ní 1942, Ege àti oníṣòwò ìwé kan sì tú u ká. Láti ọdún díẹ̀ wá, ọ̀mọ̀wé Lisa Fagin Davis ń wá àwọn ewé náà kiri, ó ń fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n padà bí wọ́n ti wà. Ó ti rí ju 100 lọ, ní ọwọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́, àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ẹni tí ó rà wọ́n kọ́ sára ògiri.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó yàtọ̀. Ní ilé ìsìn Abba Garima lẹ́bàá Adwa ní Ethiopia, àwọn ìwé Ìyìn Rere wà tí a fi èdè Ge'ez kọ sórí awọ ewúrẹ́, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé láàrin ọ̀rúndún kẹrin sí ìkeje ni a ṣe wọ́n, èyí tí ó fi wọ́n sára àwọn ìwé Kristẹni alàwòrán tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. A tún ìdìpọ̀ wọn ṣe níbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà gan-an. Wọn kò jẹ́ kí a gbé wọn jáde. Àwọn tí ń fi wọ́n sin Ọlọ́run ni wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìwé Ethiopia mìíràn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: ní 1868, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn láti Maqdala, ọ̀pọ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di ìsinsìnyí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí odindi Ìwé Wákàtí láti ewé kìíní dé ìkẹyìn lè rí i lórí fóònù rẹ̀. Walters Art Museum ní Baltimore ti gbé ọ̀pọ̀ tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti àwọn ìwé tiwa, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ fẹ́sírì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sọ pé kí a kó kọ́bọ́ọ̀dù náà dànù fún ọdún ìkórè, ẹ kọ́kọ́ ṣí iwájú àti ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ewé tí ó ya, nítorí àtè rẹ̀ yóò jẹ pépà náà di pípọ́n. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá dí i lábẹ́ iná. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ikán àti omi òjò má bà á, ẹ ya fọ́tò gbogbo ewé tí a fi ọwọ́ kọ nǹkan sí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ìwé náà àti ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Nígbà tí mo tú u, ewé tí ìyá ẹlẹ́pà fi wé e jẹ́ ti Ìwé Àdúrà Yorùbá àtijọ́, ibi tí Lítánì ti parí. Ní etí rẹ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé a bí ọmọ kan ní ọjọ́ Ajé, ní àkókò òjò, a sì sàmì fún un. Ìlà náà sì ré kọjá sí ojú ewé kejì láti sọ orúkọ ọmọ náà. Mo bi ìyá náà pé níbo ni ìyókù wà. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti tán láti àárọ̀." Ewé náà ṣì wà nínú Bíbélì mi.